Epo Tó Dì Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan

Epo pupa inú kẹ́ẹ̀gì náà ti dì gbagidi, àmọ́ kò dì bó ṣe yẹ kí epo dì. Kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ dúró ṣánṣán lórí sìmẹ́ńtì gáréèjì ilé náà, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ṣùgbọ́n epo inú rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lápá ọ̀tún ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọrùn kẹ́ẹ̀gì, lápá òsì kò tó ìdajì. Mo tan iná fóònù sí i, mo yí i po, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo yọjú wò ó. Òtútù ń gé mi létí, síbẹ̀ mi ò lè kúrò níbẹ̀.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbé ìlú òtútù rí. Ní Calgary, bí epo pupa bá kúrò níbi tó móoru, ó di dídì nìyẹn. Àwọn èèyàn wa ti wá ọgbọ́n dá sí i: wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì epo lọ sí basement lábẹ́ ilé, wọ́n á fi ti ẹ̀gbẹ́ furnace, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú gbogbo ilé gbóná. Bí furnace bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́, epo á máa ṣàn bí ẹni pé Iléṣà ló wà. Mo mọ ẹnjiníà kan tó ń wa epo rọ̀bì fún ilé iṣẹ́ ńlá, epo ọbẹ̀ rẹ̀ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ furnace bíi ti gbogbo wa.

Epo tó ń ṣàn kì í wọ́. Gbé kẹ́ẹ̀gì dúró, ojú epo á tẹ́jú. Dá a dùbúlẹ̀, á tún tẹ́jú náà. Kí epo tó lè dì báyìí, ẹnì kan ní láti ti kẹ́ẹ̀gì yẹn kó fara ti nǹkan nígbà tí epo ṣì ń ṣàn, kí òtútù wá bá a níbi tó fara tì yẹn. Lẹ́yìn tó dì tán ni wọ́n tó gbé e wá sí gáréèjì.

Orúkọ mi ni Súmbọ̀ Akínbámi. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ni mí, mo sì ní láísẹ́ǹsì. Kí n tó dá dúró, ilé iṣẹ́ insurance ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí mo ti ń tú àṣírí àwọn tó ń dáná sun mọ́tò ara wọn. Wọ́n máa ń sọ pé mo máa ń di kùnrùngbùn. Wọn ò purọ́ mọ́ mi.

*

Bàbá Adéfúnmi ló pè mí wá sí ilé yẹn ní àdúgbò Abbeydale, kì í ṣe Rónkẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ni ilé. Tíṣà àgbà ni wọ́n ní Iléṣà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n jókòó bí àlejò tí wọn ò tíì fún lómi, pẹ̀lú kóòtù òtútù ńlá lọ́rùn àti fìlà onírun lórí. Furnace tuntun sì ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná lu wá lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ẹ bọ́ kóòtù. Ilé ti gbóná."

"Mi ò bọ́ ọ. Ó di ìgbà tí ẹnì kan bá sọ pé kì í ṣe èmi."

Ẹjọ́ náà kò gùn. Lọ́jọ́ Tuesday, furnace ilé náà kú. Nígbà tí Rónkẹ́ fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, bàbá rẹ̀ ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ara. Rónkẹ́ pe Olúwagbénga, ẹni tí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní Bro Gbénga, tó jẹ́ pé òun ló ń tún furnace ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe. Gbénga tú u wò, ó ní heat exchanger ti sán. Heat exchanger ni àpótí irin inú furnace tí iná ń jó nínú rẹ̀. Bó bá sán, èéfín olóró lè bọ́ sínú ilé, kó sì pa èèyàn lójú oorun. Gbénga ti gáàsì, ó so káàdì pupa mọ́ ọn. Ó wá yíjú sí kẹ́ẹ̀gì epo àti àpò Bàbá tó wà nítòsí, ó ní ẹrù wọ̀nyí ló dí furnace lọ́nà èémí, tó fi gbóná jù, tó fi sán.

Kí wọ́n tó gbé tuntun wá, Bàbá ti sun òtútù, ikọ́ sì ti mú wọn. Rónkẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́la ni Bàbá ń padà sílé.

"Kì í ṣe pé mò ń lọ ló dùn mí," wọ́n ní. "Rónkẹ́ ti ròyìn fún gbogbo wọn nílé pé mo ba nǹkan olówó ńlá jẹ́, mo sì tún ń jiyàn. Dùnsìn ò gbé fóònù mi mọ́. Olúwadùnsìn, àbígbẹ̀yìn mi. Èmi nìkan ni mo tọ́ ọmọ yẹn, Súmbọ̀, láti ìgbà tó wà lẹ́yìn. Jẹ́ kí Dùnsìn mọ òtítọ́. Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday?"

"Mo bu epo láàárọ̀, mo fẹ́ fi jẹ iṣu. Ṣínà tó ń gbé basement ti jáde lọ síbi iṣẹ́ nígbà yẹn, Rónkẹ́ ń múra lókè. Mo dé kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e dúró dáadáa, mo gòkè lọ jẹun."

"Epo ń ṣàn?"

"Bí omi."

"Ṣé ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn ìyẹn?"

"Etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wà ní basement, nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀ sí i. Gbénga mọ nọ́ńbà náà, ó wá nu inú furnace kí snow tó bẹ̀rẹ̀."

Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Mo ti ń wá ẹni tí màá bínú sí látìgbà tí mo rí Bàbá nínú kóòtù.

*

Rónkẹ́ ń gé ẹ̀fọ́ ní kíṣìnnì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní downtown, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń yá bí ọwọ́ rẹ̀.

"Auntie Súmbọ̀, ẹ má jẹ́ kí Daddy fi àkókò yín ṣòfò. Mo ti ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀, àìmọye ìgbà. They don't listen."

"Ìwọ lo gbé epo lọ sí gáréèjì?"

"Èmi ni. Nígbà tí Gbénga ní irú ẹ̀ ló ń pa furnace, inú bí mi, mo gbé e jù sọ́hùn-ún."

"Ṣé ó ń mì nínú kẹ́ẹ̀gì nígbà tí o gbé e?"

"Rárá o. Ó ti dì pátápátá. Ó wúwo bí òkúta."

"Iye ẹni tó wá wo furnace kó o tó ra tuntun ńkọ́?"

"Gbénga nìkan."

"O ò pe ẹlòmíì kó wá sọ iye tiẹ̀? Warranty ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe furnace máa ń ṣe onídùúró fún àpótí irin yẹn fún ọdún gbọọrọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún ọ ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́."

Ó dáwọ́ ẹ̀fọ́ dúró díẹ̀. "Òtútù ń pa wá, Auntie. Mi ò ráyè ìyẹn."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó ya mí lẹ́nu díẹ̀ ṣá, torí Rónkẹ́ tí mo mọ̀ kì í ra táyà láìpe ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Mo ní lọ́kàn mi pé òtútù ló fà á, mo sì ní kó fi àwòrán tí Gbénga yà hàn mí. Àwòrán irin tó ti dípẹtà ni, ibi tó sán hàn kedere. Ní igun rẹ̀, ìka ẹnì kan nínú ìbọ̀wọ́ dúdú ń tọ́ka sí i, orí ìbọ̀wọ́ náà sì ti ya.

*

Mo bá Ṣínà ní yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní warehouse nítòsí pápákọ̀ òfurufú ni. Rónkẹ́ ti ní kó kó jáde nílé nítorí ariwo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìjà wọn sì ti dé etí àwọn aládùúgbò.

"O ti halẹ̀ mọ́ ọn pé á rí nǹkan."

"Auntie, I no go lie for you. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi gan-an. But ẹ wò ó, basement ni mò ń sùn. Tí furnace bá kú, èmi ni òtútù máa kọ́kọ́ gbá mú. Abeg, who go punish himself like that?"

"Ẹni tí inú bá bí dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó yẹ kí n bẹ̀rù yín o. Mo ti wà lórí train kí Bàbá tó sọ̀kalẹ̀ wá bu epo. Ẹ bi wọ́n."

Mo ti bi wọ́n. Ìgbà tí Ṣínà jáde, epo ń ṣàn, kẹ́ẹ̀gì sì dúró. Ẹni tó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣe é lẹ́yìn tí Bàbá bu epo, kí ilé tó tutù. Ṣínà ti bọ́ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ jáde nígbà tó pè mí padà.

"Ẹ lọ bá Sister Ummusalamah ní Martindale. Gbénga yẹn ta furnace fún àwọn náà. Ó fi picture hàn wọ́n. Me I just dey talk."

*

Ilé Ummusalamah kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Blue Line. Khalid ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọbìnrin wọn kékeré ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ummusalamah wá àwòrán náà nínú fóònù rẹ̀, ó nà án sí mi.

Irin kan náà, ìpẹtà kan náà, ibi tó sán kan náà. Ìka inú ìbọ̀wọ́ tó ya náà wà ní igun rẹ̀, ó ń tọ́ka.

"Ṣé o rí furnace yín nígbà tó ń ya àwòrán yìí?"

"Ó ní kí n má sún mọ́ ọn nítorí èéfín. Auntie, ó ní tí n bá ń tan furnace yẹn, àwọn ọmọ mi lè má jí. Ta ni mo fẹ́ bá jiyàn?"

"It was so cold," ọmọ náà sọ fún mi. "Mommy cried."

Mo fi ọwọ́ pa ọmọ náà lórí, mo sì sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún ìyá rẹ̀ tipẹ́. Bí furnace bá kú, wo switch rẹ̀ ná, kó o wo filter, ìyẹn asẹ́ atẹ́gùn rẹ̀, bóyá ó ti dí, kó o tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ó ti sán, kó ya àwòrán ibi tó sán pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára furnace tìrẹ. Kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bó bá ti gáàsì, jẹ́ kó tì í, èéfín kì í ṣe nǹkan eré. Àmọ́ pe ẹlòmíì kó wá wò ó kó o tó ra tuntun. Ará ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ará mọ́ṣáláṣí ni o, pe ẹlòmíì. Àwa èèyàn wa rò pé bí a bá pe ẹlòmíì, a ti bú ẹni àkọ́kọ́. Ojú tì wá láti bú u, òun kò tijú láti jà wá lólè.

Ummusalamah ní, "Auntie, ẹ má dá a sí."

"Èmi kọ́ ni yóò dá a sí," mo ní.

Kí n tó kúrò níwájú ilé rẹ̀, mo ti fi àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá kan tí mo mọ̀, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jìbìtì.

*

Gbénga wà ní Mahogany, ní apá gúúsù ìlú, níbi tí àwọn ilé tuntun yí adágún ká. Ó ń parí iṣẹ́ basement kan fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúmáyọ̀wá. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó ń di irin. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo mú un, mo fi ìka mi yọ níbi tó ya.

"Ẹ káàsán, ma," ó ní.

Mo gbé àwòrán méjèèjì sí i lójú. Ó wò wọ́n, ó wo ìka mi, ó sì jókòó sílẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ronú nípa àwọn ọmọ mi."

"Ìgbà wo lo ronú nípa ọmọ Ummusalamah? Nígbà tí wọ́n ń gbọ̀n, àbí nígbà tí ìyá wọn ń sunkún? O tún fi ẹ̀bi sí arúgbó lọ́rùn. O gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé lọ́sàn-án Tuesday, o pa furnace, o lọ jókòó síbì kan kí wọ́n pè ọ́."

"Rárá o! Ìyẹn ò sí níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n níbí."

Mo bi wọ́n. Olúmáyọ̀wá, ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ní ilé lòun ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Tuesday, Gbénga kò sì kúrò lójú òun láti àárọ̀. Òun ló fún un lóúnjẹ ọ̀sán. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìpè kan wọlé tó fi sáré jáde.

Mo padà sọ́dọ̀ Gbénga. Inú mi kò dùn rárá. Mo ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn lọ́kàn mi, mo sì ti ju kọ́kọ́rọ́ nù.

"Kí lo bá nígbà tí o débẹ̀?"

"Mi ò bá nǹkan kan tó bàjẹ́, ma. Wọ́n ti pa switch ẹ̀ ni."

"Switch wo?"

"Gbogbo furnace ló ní in. Ó dà bíi switch iná ara ògiri. Tiwọn wà nínú àlàfo láàárín furnace àti ògiri, lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì epo yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ á kọ́kọ́ ti kẹ́ẹ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ìwọ lo tì í?"

"Ó ti fara ti ògiri nígbà tí mo débẹ̀. Mo kàn na ọwọ́ ni. Mo tẹ switch, furnace tàn, ó ń dún. Mo tún pa á kíá, mo ní ẹ ò rí i, ó ti ń tú èéfín jáde."

"Níbo ni Rónkẹ́ wà?"

"Lẹ́yìn mi gan-an. Mo ti múra sílẹ̀ láti sọ pé mo ń ṣeré ni. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ tó tàn á bi mí léèrè. Kò bi mí. Ó kàn ń wò mí. Torí náà ni mo ṣe sọ iye tó ga." Ó gbójú sókè. "Mummy, mo máa dá gbogbo ẹ̀ padà. Ti Martindale náà."

"Bẹ̀rẹ̀ lónìí," mo ní.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ó rò pé bóun bá dá a padà, ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò sọ fún un pé àwòrán rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Adìyẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Mo fún un ní ìbọ̀wọ́ rẹ̀, mo sì jáde.

*

Mo gba títì Stoney Trail padà, mo sì ń wa mọ́tò bí ẹni tí kò fẹ́ débi tó ń lọ. Gbogbo rẹ̀ ti tò síwájú mi. Bàbá bu epo tó ń ṣàn, wọ́n gòkè. Ẹnì kan sọ̀kalẹ̀, ó ti kẹ́ẹ̀gì, ó pa switch, ó lọ. Ilé ń tutù, epo ń dì níbi tó fara tì. Ṣínà ti jáde nígbà yẹn. Gbénga wà ní Mahogany. Lẹ́yìn Bàbá, Rónkẹ́ nìkan ló kù nílé. Nígbà tí Rónkẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kẹ́ẹ̀gì kò mì nígbà tóun gbé e, tó fi hàn pé basement ni epo ti dì, kò mọ̀ pé òun ń dá ara òun lẹ́jọ́.

Ìdí tí kò fi pe ẹlòmíì náà yé mi wàyí. Kì í ṣe òtútù. Bí ẹlòmíì bá wá, switch ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀.

Mo pè é wá sí gáréèjì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì tọ́ka sí kẹ́ẹ̀gì. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi mọ ibi tí mò ń lọ. Mo retí pé á sunkún. Kò sunkún.

"Èmi ni," ó ní.

"Bàbá rẹ, Rónkẹ́? Nínú òtútù yìí?"

"Ẹ̀yin ò mọ̀ wọ́n, Auntie. Gbogbo èèyàn ló ń pè wọ́n ní bàbá dáadáa." Ó fi apá gbá ara rẹ̀ mọ́ra. "Fíríìjì kan wà nílé wa ní Iléṣà, àkọ́kọ́ ní àdúgbò. Lọ́jọ́ kan iná mànàmáná ya wọlé lójijì, ó jó o. Daddy dé, wọ́n ní màámi ló bà á jẹ́. Màámi ní òun ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ó tún ń jiyàn. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gba Dùnsìn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó títí òjò fi bò ó lójú mi. Ikọ́ ló gbé débẹ̀. Òjò ọdún yẹn ò tíì dá tó fi kú."

Ó fi ẹsẹ̀ kan kẹ́ẹ̀gì náà.

"Nígbà tí wọ́n dé ibí, wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n ní obìnrin tí kò mọ nǹkan tọ́jú ni màámi. Lójú mi, Auntie. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo fẹ́ kí òtútù mú wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé àwọn kọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbà wọ́n gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ní kí àwọn náà máa lọ sílé."

"Gbénga wá jẹ èrè ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò. "Mo gbọ́ tí furnace tàn. Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ó máa tàn, torí èmi ni mo pa á? Mo san án, mo ra furnace tuntun lé èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Kò dùn mí tó bí ẹ ṣe rò."

"Bàbá rẹ ló gbà mí síṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún wọn."

"Ẹ sọ fún wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀."

*

Bàbá ṣì wà lórí àga wọn. Àpótí ìrìn àjò wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin," mo ní.

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n fa síìpù kóòtù wálẹ̀, ojú wọn mọ́lẹ̀ bí ojú ọmọdé. "Mo sọ fún wọn! Mo sọ! Ta ni?"

"Èmi ni," Rónkẹ́ ní lẹ́yìn mi. "Èmi ni mo pa á. Nítorí fíríìjì."

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí síìpù. Wọn ò bi í pé fíríìjì wo.

"Ta ló bà á jẹ́, Daddy?"

"Rónkẹ́."

"Ta ló ba fíríìjì yẹn jẹ́?"

Wọ́n wo kápẹ́ẹ̀tì. "Iná ni. Ẹ̀rọ gbogbo àdúgbò ló jó lọ́jọ́ yẹn. Aládùúgbò wa wá sọ fún mi nírọ̀lẹ́."

Rónkẹ́ sún mọ́ àga wọn. Mo rí i pé kò mọ èyí. Láti ìgbà èwe rẹ̀, àṣìṣe ló rò pé bàbá rẹ̀ ṣe.

"Ẹ mọ̀," ó ní. "Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Màámi ò tíì rìn jìnnà. Kí ló dé tí ẹ ò lọ pè é padà?"

"Mo ti sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ará ilé. Mo ní tó bá di ọjọ́ kejì... Mo ní kó kọ́kọ́ bẹ̀ mí."

Mo ti bá oníjìbìtì àti apààyàn jókòó rí. Mi ò rántí ìgbà tí mo kórìíra ìdáhùn kan tó ìyẹn.

Rónkẹ́ yọ fóònù rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀, ó sì tẹ orúkọ Dùnsìn. Ó ń dún síta kí gbogbo wa gbọ́.

"Ẹ ní ẹ fẹ́ kí Dùnsìn mọ òtítọ́," ó ní. "Ó máa mọ gbogbo ẹ̀."

"Rónkẹ́, jọ̀ọ́. Sọ fún un pé èmi ni mo ba furnace jẹ́. Mo gbà. Èmi ni."

"Rárá, Daddy. Ẹ̀yin kọ́. A ò ní purọ́ mọ́ yín nílé yìí."

Bàbá yíjú sí mi. Èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́, èmi ni wọ́n bẹ̀ pé kí n jẹ́ kí ọmọ yẹn mọ̀. Mi ò ran wọ́n lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi?" Ohùn Dùnsìn wọlé láti Ìbàdàn. "Ṣé kò sí o?"

"Daddy wà níbí," Rónkẹ́ ní. "Wọ́n fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ nípa màámi."

"Màámi tó já wa sílẹ̀ lọ? Kí ni wọ́n fẹ́ sọ nípa ẹ̀?"

Bàbá fa síìpù kóòtù wọn padà sókè títí dé ọrùn, wọ́n sì sún mọ́ fóònù náà.